Àtẹ ìran Dókítà John Randle: àkọsílẹ̀ bí mo ṣe ń kàn án

Ohun tí mò ń kàn ni àtẹ ìran onígi fún yàrá ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni ní ìtàn. Pátákó mẹ́ta ni, tí ínjì so pọ̀ kó lè ṣeé ṣí, kó sì ṣeé pa dé. Dúrọ́ọ̀ mẹ́rin wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Dókítà John Randle ló dá lé lórí, oníṣẹ́ abẹ tí wọ́n bí ní Regent, nílẹ̀ Sàró, ní ọdún 1855, tó sì kú ní 1928.

Àwọn ọmọ kíláàsì mi ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Òun ni wọ́n fi sọ orí ilé àṣà Yorùbá tó wà ní Oníkàn ní Èkó, èyí tí Seun Oduwole ya àwòrán rẹ̀, tí Ààrẹ Buhari sì ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2023. Àmọ́ nígbà tí mo bi wọ́n léèrè pé iṣẹ́ wo ni ọkùnrin náà ṣe nígbà ayé rẹ̀, ẹnì kan ní olóṣèlú ni, ẹlòmíràn ní olówó ni, ọ̀kan ní òun ló gbẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Kò sí ẹni tó pè é ní dókítà. Kò sì sí ẹni tó mọ ilé tó ti jáde wá tàbí ilé tó ti fẹ́yàwó, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ilé àna rẹ̀ nìkan tó kọ́ ọmọ ní ìtàn Èkó fún odidi sáà kan.

Mo lè ya àtẹ náà sórí bébà kí n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ọmọ á wò ó lẹ́ẹ̀kan, á sì kọjá. Èyí tí mo fẹ́ ni èyí tí ọmọ lè fi ìka tọ̀, láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, kó sì béèrè ìdí tí ọ̀nà kan fi já, tí òmíràn fi ta kókó. Nítorí náà mo tọ ọ̀gá káfíńtà kan lọ ládùúgbò wa, àgbàlagbà tó ti fi iṣẹ́ pákó tọ́ ọmọ. Bàbá ni gbogbo wa ń pè é. Òun ló ń darí ayùn. Èmi ni mò ń wọn pákó, tí mo ń fi sáńpépà ra á, tí mo sì ń ṣe gbogbo iṣẹ́ wáyà.

Pákó

A fi arère ṣe ojú pátákó, a fi àfàrà ṣe férémù. Bàbá kọ́kọ́ fẹ́ kí n lo ọ̀gànwó fún gbogbo rẹ̀ nítorí ẹwà rẹ̀, ṣùgbọ́n pátákó kọ̀ọ̀kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 120, ó fẹ̀ ní 60, mẹ́ta sì ni wọ́n. Bí ó bá jẹ́ ọ̀gànwó ni, àwọn ọmọ ò ní lè ṣí i láìpe àgbà. Arère fúyẹ́, ó rọ̀ lábẹ́ ìfági, ihò tí èèyàn bá lù sínú rẹ̀ kì í fọ́ létí. Àléébù rẹ̀ ni pé kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀, bí kò bá sì tètè gbẹ, àwọ̀ dúdú bí aró á wọ inú rẹ̀. Èyí tí a rà ti gbẹ dáadáa. A fi oògùn kòkòrò kùn ún lójú àti lẹ́yìn kí a tó gé e.

Pákó kan ṣoṣo tó fẹ̀ ní 60 á wọ́ dandan. A la arère sí ọ̀já tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, a fi gọ́ọ̀mù so wọ́n pọ̀ létí, a sì ń yí ojú wọn padà: bí òrùka igi bá kọjú sókè nínú ọ̀kan, kó kọjú sísàlẹ̀ nínú èkejì. Báyìí, bí ọ̀kan bá fẹ́ wọ́ síhìn-ín, èkejì á fà á sọ́hùn-ún. Lẹ́yìn rẹ̀ a kan igi ìdábùú méjì mọ́ pátákó kọ̀ọ̀kan. Ihò sùkúrù tí a lù sára igi ìdábùú náà kò rí roboto. Gígùn ni a gbẹ́ wọn, kí pákó lè wú nígbà òjò kó sì sún kì nígbà ọyẹ́ láìlà. Tẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, kó má fo ibi ihò gígùn yẹn. Mo ti rí pátákó ọlá lóríṣiríṣi nínú ọ́fíìsì tó là gba àárín orúkọ èèyàn kọjá nítorí pé sùkúrù dì í mú pin-pin.

Wáyà mẹ́ta

Mo rò ó títí kí n tó pinnu ohun tí yóò so àwọn èèyàn pọ̀. Nínú àtẹ ìran tí a sábà ń rí, ilà kan náà ni fún bàbá sí ọmọ àti fún ọkọ sí aya. Ìyẹn kò tó fún ìdílé yìí.

Wáyà bàbà ni mo lò fún ọmọ bíbí, wáyà idẹ fún ìgbéyàwó. Òwú dúdú ni ẹ̀kẹta, fún ọwọ́ tó mú èèyàn láìbí i, láìfẹ́ ẹ: ọwọ́ akónilẹ́rú, ọwọ́ ọba tó fi èèyàn tọrẹ, ọwọ́ ọkọ̀ ogun tó gba èèyàn sílẹ̀ lójú òkun. Láìsí òwú dúdú yìí, kò sí bí èèyàn ṣe lè ṣàlàyé bí ọmọ Ọ̀yọ́ ṣe bí ọmọ sí Sàró, tàbí bí ọmọ Ẹ̀gbádò ṣe di ẹni tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ń tọ́jú.

Wáyà bàbà máa ń le bí èèyàn bá ti ń tẹ̀ ẹ́, á sì kán. Mo máa ń fi iná sun ún títí yóò fi pọ́n, kí n tó rì í sínú omi tútù. Á rọ̀ padà, á sì ṣeé tẹ̀ yí ìṣó ká láìrójú. Lẹ́yìn náà ni mo fi láákà tí kò ní àwọ̀ kùn ún kó má baà di aláwọ̀ ewé.

Pátákó òsì: ibi tí ìgbèkùn gé e sí

Bàbá John ni Thomas Randle. Abúlé kan nílẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti kó o lẹ́rú, wọ́n gbà á sílẹ̀, ó sì di ará ilẹ̀ Sàró. Ní Freetown àti àwọn abúlé tó yí i ká, irú ìlú tí Regent jẹ́, Akú ni wọ́n ń pe àwọn Yorùbá tí ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì já gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gba orúkọ òyìnbó, tí wọ́n kọ́ ìwé, tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò, tí wọ́n sì ń sọ Yorùbá sí àwọn ọmọ wọn.

Nígbà tí mo gbé àwòrán àtẹ náà fún Bàbá, ó tẹjú mọ́ pátákó òsì.

"Tíṣà, ta ni bàbá Thomas? O fi àyè sílẹ̀ lókè."

Mo ní, "Bàbá, ibẹ̀ ni wọ́n ti gé e. Ilé tí wọ́n ti kó o ò bá a wọ ọkọ̀."

Ó ní kí n kúkú gé pátákó náà kúrú kí àyè náà má baà hàn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kó wà. Ìdajì òkè pátákó òsì kò gba fáníṣì, kò gba orúkọ, kò sì gba sáńpépà kíkúnná. Arère gbalasa ni, bó ṣe jáde lábẹ́ ayùn. Ibi tí pákó tó ń dán ti pàdé èyí tí kò dán ni òwú dúdú ti wọlé láti etí pátákó, ó sì lọ já sí ọ̀dọ̀ Thomas. Mo ti rí àtẹ ìran tí wọ́n fi orúkọ ọba tàbí ìjòyè kan kún irú àyè bẹ́ẹ̀ nítorí kí ìran lè gùn. Èyí kò dára. Ẹni tó bá fi orúkọ àdábọwọ́ dí ojú ọgbẹ́ náà ti bá akónilẹ́rú pa iṣẹ́ rẹ̀ mọ́.

Ohun tó jẹ́ kí ọgbẹ́ náà hàn dáadáa wà ní apá ọ̀tún. Samuel Àjàyí Crowther pẹ̀lú, bàbá ìyá Herbert Macaulay tí a óò bá pàdé níwájú, ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti kó o, ní Òṣogùn, ní 1821, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á sílẹ̀ ní 1822. Ṣùgbọ́n Crowther fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn ìgbèkùn rẹ̀, ó sì rí Afala ìyá rẹ̀ padà ní Abẹ́òkúta ní 1846. Nítorí náà òwú dúdú wọ ọ̀dọ̀ Crowther, ṣùgbọ́n wáyà bàbà tún gòkè láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ti Thomas Randle kò rí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ rí àwọn méjèèjì lójú kan náà, kí wọ́n mọ̀ pé ti Thomas ló wọ́pọ̀, pé ti Crowther ló ṣọ̀wọ́n.

Bí apòògùn ṣe di oníṣẹ́ abẹ

Ọ̀nà tí John gbà wà ní ìsàlẹ̀ pátákó òsì, ó sì ń lọ sí ti àárín. Ó lọ sí CMS Grammar School ní Freetown, ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba níbẹ̀, ó di apòògùn. Ìgbà tó ti ń sún mọ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún ló wọ Yunifásítì Edinburgh ní 1884, ó sì jáde ní dókítà ní 1888 pẹ̀lú àmì ẹ̀yẹ wúrà nínú ẹ̀kọ́ nípa egbòogi. Èmi ò rí ìyanu nínú àmì ẹ̀yẹ yẹn. Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún po oògùn fún aláìsàn kó tó jókòó sí kíláàsì, kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ fi hàn án nípa oògùn?

Edinburgh nígbà náà kì í ṣe ibi kékeré fún ẹni tó fẹ́ mú ọ̀bẹ. Ibẹ̀ ni James Young Simpson ti fi kọlorofọ́ọ̀mù mú aláìsàn sùn ní 1847. Joseph Lister, ẹni tó kéde ní 1867 pé èèyàn lè fi ásíìdì kábólíìkì pa ohun tó ń mú ojú ọgbẹ́ rà, kọ́ni ní iṣẹ́ abẹ níbẹ̀ láti 1869 títí di 1877. Nígbà tí Randle dé, Lister ti lọ sí London, ṣùgbọ́n ìran oníṣẹ́ abẹ tó fi sílẹ̀ kò jẹ́ dáwọ́ lé ara ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ fi oògùn fọ ọwọ́ àti irinṣẹ́.

Dúrọ́ọ̀ kìíní dá lórí èyí. A gbẹ́ àfàrà ní ìrísí irinṣẹ́ ìgbà náà: ọ̀bẹ abẹ olójú kékeré, ẹ̀mú tí wọ́n fi ń di ojú iṣan, abẹ́rẹ́ tó tẹ̀ kọrọdọ fún rírán awọ ara, àti férémù tí wọ́n máa ń fi aṣọ bò, tí wọ́n á gbé lé imú aláìsàn, tí wọ́n á sì máa kán kọlorofọ́ọ̀mù sí lórí díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe irinṣẹ́ Randle fúnra rẹ̀, mo sì kọ ọ́ sára dúrọ́ọ̀ bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ yẹn gbà wá ní àkókò ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí igi kì í fẹ́ tẹ̀ báyẹn. Ẹ̀ẹ̀rún àfàrà tẹ́ẹ́rẹ́ ni Bàbá bọ̀ nínú omi gbígbóná, ó wé e mọ́ ìgò, ó fi okùn dè é, ó sì fi í sílẹ̀ títí ó fi gbẹ.

Pátákó ọ̀tún: ilé àna

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ jókòó pẹ́, ibẹ̀ náà sì ni iṣẹ́ wáyà ti le jù.

Ní 1890 John Randle fẹ́ Victoria Davies. Bàbá ìyàwó ni Kápútéènì James Pinson Labulo Davies, ọmọ àwọn ẹrú tí wọ́n gbà sílẹ̀, tí wọ́n bí nílẹ̀ Sàró ní 1828. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà ní Freetown ni òun àti ọkọ ọmọ rẹ̀ lọ, ó kàn ṣáájú rẹ̀ ni. Ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ogun ojú omi, ó di olówò ńlá ní Èkó, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dá oko kòkó ńlá sílẹ̀ nílẹ̀ wa, ní Ìjọn, nítòsí ọdún 1880.

Ìyá ìyàwó ni Sarah Forbes Bonetta. Àìná ni wọ́n ń pè é kó tó di Sarah. Ọmọ Ẹ̀gbádò ni. Ní 1848 àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kọlu Òkè-Ọ̀dàn, wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì kó ọmọdébìnrin náà lọ sí ààfin Ọba Gezo. Ní 1850 Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Bonetta, lọ sí Àgbómè láti bá ọba náà sọ̀rọ̀ nípa òwò ẹrú, ọba sì fi ọmọ náà ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ. Orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ àti orúkọ ọkọ̀ ni wọ́n fi sọ ọmọ náà. Ọbabìnrin ń san owó ìtọ́jú àti owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní 1862 ó fẹ́ Davies ní ìlú Brighton, wọ́n wá sí Èkó, nígbà tí ó sì bí ọmọ àkọ́kọ́ ní 1863, Ọbabìnrin fọwọ́ sí i kí wọ́n fi orúkọ òun sọ ọmọ náà, ó sì di ìyá ìsàmì rẹ̀. Ọmọ yìí ni Victoria tí dókítà wa fẹ́ lẹ́yìn náà. Ikọ́ ẹ̀gbẹ pa Sarah ní erékùṣù Madeira ní 1880. Davies gbé òkúta ìrántí kan nàró fún un ní oko Ìjọn.

Òwú dúdú mẹ́ta ló wọ ọ̀dọ̀ Àìná: láti Òkè-Ọ̀dàn sí Àgbómè, láti Àgbómè sí ọkọ̀ Forbes, láti ọ̀dọ̀ Forbes sí ọ̀dọ̀ Ọbabìnrin. Ẹnì kan tó wá wò wá níbi iṣẹ́ ní kí n fi wáyà idẹ so Ọbabìnrin mọ́ Àìná, torí pé ó tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ. Mo kọ̀. Ìtọ́jú náà ṣẹlẹ̀, n kò fi pamọ́, ó wà nínú àkọlé tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ọmọ náà ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nípa bíbí tàbí nípa ìgbéyàwó. Wọ́n fi í tọrẹ ni. Òwú dúdú ló tọ́ sí i.

Wáyà idẹ tó so John mọ́ Victoria ló fún wa níṣòro jù, torí pé ó gbọ́dọ̀ gba orí ínjì kọjá láti pátákó àárín sí ti ọ̀tún. Wáyà tí a bá ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn á kán láìpẹ́, àwọn ọmọ á sì máa ṣí àtẹ náà lójoojúmọ́. Bàbá ní ká gé e, ká fi ìkọ́ sí i, kí wọ́n máa tú u kí wọ́n tó pa àtẹ dé. Èmi ò fẹ́ ohun tí ọmọ lè gbàgbé láti tú. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni pé mo wé wáyà náà mọ́ ìṣó ní ìgbà mélòó kan kó dà bí sípíríǹgì kékeré, mo sì gbẹ́ ihò sínú férémù àfàrà níbi ínjì kó lè jókòó sínú rẹ̀. Bí àtẹ bá ń pa dé, ìdì náà ló ń tú díẹ̀, wáyà fúnra rẹ̀ kò tẹ̀ lójú kan. Ó ti ń lọ ó ń bọ̀ báyìí láìsí wàhálà kankan.

Kókó

Victoria ní àbúrò ọkùnrin kan, Arthur, àti àbúrò obìnrin kan, Stella. Stella àti Herbert Macaulay bí ọmọbìnrin kan. Ibí ni ìtàn ti ta kókó lóòótọ́.

Herbert Macaulay jẹ́ ọmọ Abigail, ọmọ Crowther. Bàbá rẹ̀, Thomas Babington Macaulay, ni ọ̀gá àkọ́kọ́ CMS Grammar School tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1859. Ta ló sì fi £50 ra ìwé àti ohun èlò fún ilé ẹ̀kọ́ náà? Davies, bàbá Stella. Ìdílé méjèèjì ti mọ ara wọn kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn tó dáyé.

Ní 1908 John Randle àti dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀, Orisadipe Obasa, dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti tako owó omi tí ìjọba fẹ́ máa gbà lọ́wọ́ ará Èkó. Macaulay náà tako owó omi yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Èkó fẹ́ dìbò yan aṣojú sí ilé aṣòfin fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1923, ẹgbẹ́ òṣèlú tí Macaulay dá sílẹ̀, NNDP (Nigerian National Democratic Party), ló na ẹgbẹ́ Randle. Ẹni tí àbúrò ìyàwó Randle bí ọmọ fún ló gba ìlú mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí mo sọ èyí fún àwọn ọmọ kíláàsì, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tó jàre, bíi pé àná ni wọ́n dìbò. Irú rẹ̀ gan-an ni mo ń wá.

N kò fi wáyà idẹ so Stella àti Herbert. Wáyà bàbà méjì ló kúrò lọ́dọ̀ wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ tààrà sọ́dọ̀ ọmọ náà. Sarah Abigail Idowu ni orúkọ rẹ̀: Sarah láti ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, Abigail láti ọ̀dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ni Babatunde Kwaku Adadevoh, dókítà, tó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Èkó nígbà kan. Ọmọ Babatunde sì ni Ameyo Stella Adadevoh, dókítà, tí wọ́n bí ní 1956.

Pátákó ọ̀tún tán kí ìran tó tán. Mo ti wọn àyè fún ìran mẹ́rin láti ọ̀dọ̀ Àìná, Ameyo sì bọ́ sí ìkarùn-ún. Bàbá kan ọ̀já arère kan mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó gbẹ́ etí méjèèjì kí ọ̀kan wọ inú èkejì, kó má baà hàn bí àlẹ̀mọ́. Ameyo Adadevoh ni dókítà tí wọ́n gbé aláìsàn Ebola àkọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Èkó ní oṣù keje ọdún 2014, tí kò gbà kó kúrò nílé ìwòsàn láìka bí àwọn èèyàn ńláńlá ṣe ń pè pé kó tú u sílẹ̀ sí. Àrùn náà pa á ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Èèyàn 20 ni Ebola mú ní Nàìjíríà, ó pa 8, ní oṣù kẹwàá àjọ ìlera àgbáyé sì kéde pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Ní ìlú tí èrò pọ̀ tó Èkó, ẹnu kì í gba ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ sọ.

Kì í ṣe ọmọ-ọmọ Randle. Ẹ̀jẹ̀ Randle ò sí lára rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí inú mi dùn pé a kan pátákó ilé àna. Tí mo bá tẹ̀ lé orúkọ Randle nìkan láti òkè délẹ̀, àwọn ọmọ ò ní rí i pé láti inú agbo ilé kan náà ni oníṣẹ́ abẹ 1888 àti dókítà 2014 ti jáde.

Àwọn dúrọ́ọ̀ yòókù

Ìdí tí Randle fi ráyè fún ohun púpọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀bẹ kò jìnnà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba ní Èkó, owó tí wọ́n ń san fún un kò tó ti dókítà òyìnbó tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ó kúrò níbẹ̀, ó ń dá ṣe tirẹ̀. Ní 1902 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá kó àwọn dókítà rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sábẹ́ West African Medical Staff, òfin rẹ̀ sì ni pé ẹni tí òbí rẹ̀ jẹ́ òyìnbó nìkan ló lè wọlé. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ àwọn dókítà dúdú lójú ló lé wọn jáde sáàárín ìlú, síbi tí aláìsàn, òwò àti òṣèlú wà. Ìwé nípa èyí àti nípa owó omi ló wà nínú dúrọ́ọ̀ kejì. Kò ní iṣẹ́ igi púpọ̀ nínú.

Dúrọ́ọ̀ kẹta jẹ́ ti Victoria. Olórin ni. Òun ló fún Samuel Coleridge-Taylor, aṣàkójọ orin tó gbajúmọ̀ ní London, ní ohùn orin Yorùbá kan tí ọkùnrin náà fi sínú àkójọ orin dùùrù rẹ̀ ní 1905. Mo gbẹ́ àtẹ dùùrù kékeré kan síbẹ̀, funfun láti ara arère, dúdú láti ara àfàrà tí a fi iná yan.

Ìkẹrin ni mo fẹ́ràn jù. Ó jẹ́ ti ọgbà òdòdó àti adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí Randle ṣe ní Oníkàn. Èkó jẹ́ ìlú tí ọ̀sà yí ká, ọmọ ìlú sì gbọ́dọ̀ mọ̀ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ìjọba kò ṣe é fún wọn, ó fi owó ara rẹ̀ ṣe é, wọ́n sì ṣí i ní ọdún tó kú gan-an, 1928. Mo máa ń ronú pé ìṣesí dókítà ló wà nídìí rẹ̀. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn mọ̀ pé ẹni tó bá ti mu omi yó, ọ̀bẹ kò lè gbà á là. Ohun tó lè gbà á ni kó ti mọ ìlúwẹ̀ẹ́ kó tó ṣubú sómi. Adágún náà wà lára ọgbà ilé àṣà ti òní.

Bàbá gbẹ́ inú dúrọ́ọ̀ náà kó jìn lápá kan kó sì fà lápá kejì. A kun ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní búlúù, a gé gíláàsì lé e lórí. Gíláàsì ò gbọ́dọ̀ fún pákó pọ̀ jù nítorí wíwú òjò, nítorí náà a fi àyè tó tó nípọn kádíbọ́ọ̀dù sílẹ̀ yí i ká, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sì dì í mú kó má baà máa mì. Dúrọ́ọ̀ yìí ni àwọn ọmọ máa ń kọ́kọ́ fà jáde bí wọ́n bá wá wò wá níbi iṣẹ́, láìtíì ka orúkọ kankan lókè.

Ohun tó kù

Fáníṣì ìkẹyìn kò tíì gba ara férémù ọ̀tún. A ń dúró kí òjò dáwọ́ dúró, torí fáníṣì tí a fi sínú ọ̀rinrin á funfun. Ínjì ìsàlẹ̀ ti pátákó òsì ń dún, ó fẹ́ òróró díẹ̀. Àkọlé àwọn ọmọ Randle àti Victoria, Beatrice àti Jack, wà lọ́wọ́ mi, mo máa kàn wọ́n mọ́ àárín ní ọ̀sẹ̀ yìí. Bàbá ti béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá mo fẹ́ kó fi ìfági fá orí pátákó òsì. Mo ní rárá, Bàbá, ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó wá fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sẹ́yìn pákó kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ má baà ṣèèṣì fá a: "Ẹ má fá ibí."